Kì í ṣe òòrùn, kì í ṣe máńgòrò: ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri

Ẹnì kan tún ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ìlú wa: ká má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa rìn nínú òòrùn ọ̀sán, ká sì gba máńgòrò lọ́wọ́ wọn, torí ibà pọ́njú (yellow fever) ti dé. Kò pẹ́ tí ẹlòmíì fi ẹ̀pà kún un. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní epo pupa gan-an ló ń fà á. Ó ti sú mi o.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alálàájì wa. Ta ló wà ní Ìlọrin tí kò mọ̀ pé ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kí wọ́n sì fún un ní yẹ́lò káàdì, ìwé tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ náà? Bàbá mi gba tiwọn, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ. Ṣé òòrùn Ìlọrin ló wá mú ju ti Mẹ́kà lọ ni? Inú òòrùn aṣálẹ̀ ni wọ́n ń gbé, síbẹ̀ àwa ni wọ́n ń ṣọ́ra fún, ká má baà gbé ibà pọ́njú wá bá wọn.

Ká tún wo Íńdíà, tí àwọn èèyàn wa ń lọ fún ìtọ́jú. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń so máńgòrò tó o láyé yìí. Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, òróró kì í wọ́n nínú ọbẹ̀ wọn, òòrùn wọn ń pa èèyàn. Ibà pọ́njú ò sí níbẹ̀! Ẹ̀fọn tó lè gbé e wà níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ibà náà, ni kò tíì ríbi fìdí kalẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ará Nàìjíríà tó bá débẹ̀ láìní káàdì fi lè rí i kí wọ́n sé òun mọ́ ibì kan fún ọjọ́ 6. Mo gbà pé àwọn onímọ̀ pàápàá ò tíì fẹnu kò lórí ohun tó dá a dúró tí kò fi dé Éṣíà. Kì í sáà ṣe àìjẹ máńgòrò.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ọmọbìnrin ọlọ́dún 7 kan ní Òkè-Ọwá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Kwara, ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní Dakar ní Senegal fi hàn pé ibà pọ́njú ni, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí Nàìjíríà ò ti rí i. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti wà ní Kogí àti Zamfara. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n kó wá fún àwọn ará Ìfẹ́lódùn. Wọn ò pín agbòòrùn.

Ẹ̀fọn tí à ń wí yìí, Aedes aegypti, dúdú ni, àmì funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ojúmọmọ ló ń jẹni, pàápàá ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń ta sórí bẹ́ẹ̀dì lóru ò ká a. Òun náà ló ń gbé àwọn àìsàn bíi dengue, chikungunya àti Zika. Kì í wá omi jìnnà: àmù, dúrọ́ọ̀mù, táyà tí fọganáísà kó jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé wa wò lẹ́yìn tí òjò bẹ̀rẹ̀, tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Dída omi yẹn nù nìkan ò tó, torí ẹyin rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù fún oṣù mélòó kan láìsí omi. Ẹ fi kànìnkànìn ha á, kẹ́ ẹ sì dé e.

Wọ́n á ní ìgbà máńgòrò ni ojú ọmọ máa ń pọ́n. Ìgbà máńgòrò náà kọ́ ni òjò ń bẹ̀rẹ̀ ni?

Wọ́n á tún ní àgbo wò ó sàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ní in, lẹ́yìn ọjọ́ 3 tàbí 4 ni ara wọn á balẹ̀ fúnra rẹ̀, ni ìbẹ́pẹ dúdú inú omidùn á bá gbayì. Àwọn díẹ̀ ló máa ń padà kọ lù: ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde ní imú àti ẹnu. Nínú àwọn wọ̀nyí, bí ìdajì ló ń kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Kò sí oògùn kan, yálà tòyìnbó tàbí tiwa, tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Ìtọ́jú ọsibítù ló lè gbé èèyàn ró. Mo mọ ilé kan ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ ní omidùn títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀jẹ̀. Orí ló yọ ọmọ náà.

Òótọ́ ni pé ibà tó le àti àìsàn ẹ̀dọ̀ náà máa ń jẹ́ kí ojú pọ́n. Ìdí tó fi yẹ ká lọ ṣe àyẹ̀wò nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Oṣù 9 ni wọ́n ń gún un fún ọmọ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ wo káàdì àjẹsára ọmọ yín bóyá ó wà níbẹ̀. Ó ń tó ọjọ́ 10 kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má dúró di ìgbà tí àìsàn bá wọ àdúgbò. Kí aláboyún àti ẹni tí ẹyin kì í bá lára mu kọ́kọ́ rí dókítà.