Kì í ṣe kábúrétọ̀ ló ń pa mọ́tò yẹn

Ẹ gbé mọ́tò àtijọ́ tó ń sítáàtì tó sì ń kú lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, ọmọ iṣẹ́ ti mú sípánà, ó ti ń tú kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé báwo ló ṣe ń kú. "Ìdọ̀tí ti wọ kábúrétọ̀, ẹ̀gbọ́n," ó parí.

Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀, nítorí ó máa ń jọ òótọ́. Wọ́n á tú u, wọ́n á fi epo fọ̀ ọ́, wọ́n á fẹnu fẹ́ ẹ, wọ́n á dè é padà. Mọ́tò á sítáàtì, màá sanwó, màá sì dúpẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, ìgbà mìíràn kí n tó délé pàápàá, ó ti tún kú.

Píjò 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń wí. Kàdúná ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 nílẹ̀ yìí ní 1975, nígbà tí àwa ará Okun, tí a wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí báyìí, ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tó bá dàgbà ní Yàgbà tàbí Ìjùmú láyé ìgbà yẹn, kò ní láti rí i kó tó mọ̀ pé òun ló ń gun òkè bọ̀.

Ìnáwó òkú ló gbé mi jáde lọ́jọ́ náà, mò ń lọ sí Ìsánlú. Mo rọ epo kún táǹkì dé ẹnu ní Kàbbà. N kò tíì jìnnà sílùú tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó fà, ó tún fà, ó dákẹ́. Wọ́n bá mi pe mẹkáníìkì. Ó tú kábúrétọ̀ lójú títì, wákàtí kan gbáko, ó gbowó, mọ́tò sítáàtì. Mo kọjá Ìyàrá díẹ̀, ó tún kú.

Ibẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan ti bá mi lábẹ́ igi. Awakọ̀ èrò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, 504 ni wọ́n fi jẹun.

"Okun o!" Bàbá ló fi ìkíni ilé wa kí mi.

"Okun, bàbá. Ẹ kú ìrìn."

"Ṣé ó kú pì bí ìgbà tí èèyàn pa iná ni, àbí ó ń wúkọ́ kó tó kú?"

"Ó ń wúkọ́ ni, bàbá."

Wọn ò tilẹ̀ wo ibi bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n gbà, wọ́n di ìdérí táǹkì mú, wọ́n yí i. Fìììììì! Ó pẹ́ kí ohùn yẹn tó dákẹ́, àfi bí ẹni tó mòòkùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí. Bàbá na ìdérí náà sí mi. Ọ̀rá ìlọ́po méjì wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a mọ́ ọn dáadáa. Wọ́n wò mí, mo wolẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ká a síbẹ̀. Ìdérí náà kì í ṣe ti mọ́tò yẹn, ó ń mì, òórùn epo sì ń wọlé sí wa nínú.

Pọ́ǹpù ń fa epo jáde nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò ohun tó jáde. Ìdí nìyẹn tí ihò tín-ń-rín fi wà lára ìdérí ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan á wà lára táǹkì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Tí ẹ bá dí i, ọ̀rọ̀ náà di ti ọmọdé tó ki ẹnu bọ ẹnu ìgò tó ń fà á: bó ṣe ń fà ni ìgò ń fa ètè rẹ̀ padà. Pọ́ǹpù á jà, á jà, agbára rẹ̀ á pin. Epo díẹ̀ tó wà nínú kọ́ọ̀pù kábúrétọ̀ á jó tán, ọkọ̀ á wúkọ́, á kú.

Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé bí táǹkì bá ṣe kún tó ni mọ́tò á ṣe tètè kú tó. Tí epo bá kún dé ẹnu, afẹ́fẹ́ tó kù lókè rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ, kì í pẹ́ rárá kó tó fà gan-an. Epo tí mo rọ nítorí ìrìn àjò ló dá mi dúró.

Kí wá nìdí tí fífọ kábúrétọ̀ fi ń "ṣiṣẹ́"? Ẹ rántí ibi tí wọ́n ti ń rí epo tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Inú táǹkì tiwa ni! Ọmọ iṣẹ́ á ṣí ìdérí, á ki rọ́bà bọ̀ ọ́, á fà á sínú agolo. Ibi tí ìwòsàn ti wọlé nìyẹn, lẹ́yìn mọ́tò. Gbogbo sípánà tí wọ́n ń yí níwájú kàn jẹ́ àfikún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ́ìlì tàbí kọ̀ńdẹ́ńsà, àwọn tó ń pèsè iná fún púlọ́ọ̀gì. Èyí tó ti ń kú lọ nínú wọn máa ń já tí ó bá gbóná. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í wúkọ́, pì ló ń kú. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ kó tutù, á tún gbaná bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò tó ń tutù yẹn: wọ́n ń tú kábúrétọ̀ lọ́wọ́.

Òmíràn wà tó jẹ́ pé á gbaná bí sítáàtà ṣe ń yí i, bí ọwọ́ yín bá sì ti kúrò lára kọ́kọ́rọ́, ó parí. Ẹ má gbé ìyẹn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, riwáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, ni kí ẹ pè. Àwọn mọ́tò kan ní rẹsísítọ̀ kékeré, ohun tó ń dín iná kù, lójú ọ̀nà iná kọ́ìlì. Tí sítáàtà bá ń yí, iná bátìrì ń yà á sílẹ̀ lọ tààrà. Tí kọ́kọ́rọ́ bá padà sẹ́yìn, inú rẹ̀ ni iná gbọ́dọ̀ gbà. Tí rẹsísítọ̀ náà bá já, tàbí tí ojú kọ́kọ́rọ́ bá ti jẹ, kò síná fún púlọ́ọ̀gì mọ́. Èyí tó sì ń kú ní kìkì àárọ̀ ọyẹ́, tó ń gbọ́ràn tó bá ti gbóná, okùn ṣóòkì rẹ̀, èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

N kò sọ pé kábúrétọ̀ kì í ṣẹ̀ o. Tí sílóò, ìyẹn yíyí ẹ́ńjìnnì láìtẹná, ò bá dúró, àmọ́ tí mọ́tò ń lọ geere tí ẹ bá tẹná, ó lè jẹ́ pé jẹ́ẹ̀tì kékeré rẹ̀, ihò tí epo ń gbà kọjá, ló dí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tú u, ẹ ṣe èyí. Bó bá ṣe ń kú tán, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣí fílítà afẹ́fẹ́, ẹ wo ọ̀fun kábúrétọ̀ kí ẹ sì fa okùn tí a fi ń tẹná. Tí epo bá tu fìrì sínú ọ̀fun yẹn, epo wà níbẹ̀, iná ni kí ẹ máa wá kiri. Tí kò bá tu nǹkan kan, ẹ máa tẹ̀lé ọ̀nà epo padà sẹ́yìn títí dé táǹkì. Kí ẹni tó ń mu sìgá jọ̀wọ́ jìnnà síbẹ̀.

Èmi dé Ìsánlú lọ́jọ́ náà láìsí ọ̀rá nínú ìdérí, mo sì ti wá ojúlówó ìdérí fún un. Ohun tí ń kò rí tún ṣe ni jẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tó wà lára jẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n ihò rẹ̀ ni: 120 túmọ̀ sí mílímítà 1.20. Níbi tí wọ́n ti ń fọ kábúrétọ̀ láìnídìí léraléra, ẹnì kan ti fi wáyà gún tèmi tí ihò rẹ̀ fi fẹ̀. Mọ́tò kì í kú mọ́, ṣùgbọ́n ó ń mu epo bí ọ̀mùtí, mo sì ṣì ń wá jẹ́ẹ̀tì 504 kiri Lọ́kọ́ja.