Ta ló ń san owó ibodè gan-an? Kì í ṣe ará òkèèrè

Nígbàkigbà tí ìjọba kan bá kéde pé òun ti fi kún owó ibodè tí òun ń gbà lórí ọjà òkèèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu tàgbà tèwe: "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ẹ jẹ́ kí àwọn náà sanwó díẹ̀." Àwọn tí wọ́n ń bá wí ni àwọn ará òkèèrè tó ṣe ọjà náà. Èrò yìí ti wọ àwọn èèyàn lára débi pé ọ̀mọ̀wé pàápàá ń sọ ọ́ láìmikàn. Ó máa ń dùn mí, nítorí ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tó sì ń san owó náà ni kì í mọ̀ pé òun ló ń san án.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ọjà kan dé èbúté. Ọkọ̀ ojú omi ti gúnlẹ̀, wọ́n ti já kọ̀ǹténà sílẹ̀. Kọ̀ǹténà yẹn ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí ẹnì kan bá kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aṣọ́bodè: ohun tó jẹ́, ibi tí wọ́n ti ṣe é, iye tí wọ́n rà á, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ mọ̀. Láti ọdún 1988 ni ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ti jọ ń lo ètò nọ́ńbà kan náà, òun ló sì ń sọ iye tí wọ́n máa gbà. Ẹ wá wo ẹni tó buwọ́ lu ìwé náà. Ẹni tó kó ọjà wọlé ni, tàbí aṣojú tó ń bá a ṣe é, lọ́pọ̀ ìgbà ó sì jẹ́ iléeṣẹ́ tó fìdí kalẹ̀ sí orílẹ̀-èdè yẹn gan-an. Àpò rẹ̀ ni owó ti ń jáde, àpò ìjọba tirẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá kù kó ronú bí owó òun ṣe máa padà. Ibo ni yóò ti padà bí kò ṣe lára ẹni tó fẹ́ ra ọjà náà?

Àwọn kan á ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà lókèèrè á dín owó ọjà rẹ̀ kù kí oníbàárà má baà sá, nípa bẹ́ẹ̀ òun náà ló ru ẹrù yẹn. Ọ̀rọ̀ tó ní làákàyè nìyí, kò yẹ ká tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ohun tá a lè fi mọ̀ ni pé ká wo iye tí wọ́n ń ta ọjà kí owó ibodè tó gorí rẹ̀, ká sì wo iye tí wọ́n ń tà á lẹ́yìn náà.

Àwọn kan ti wò ó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà gbé owó ibodè lé ẹ̀rọ ìfọṣọ láti òkèèrè: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí mílíọ̀nù 1.2 àkọ́kọ́ tó bá wọlé lọ́dún, ìdá 50 lórí èyí tó bá lé. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Aaron Flaaen, Ali Hortaçsu àti Felix Tintelnot, wá jókòó ti iye tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan fi nǹkan bíi dọ́là 86 gbówó lórí. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ. Kò sẹ́ni tó fi owó ibodè kankan lé ìyẹn, síbẹ̀ òun náà fi nǹkan bíi dọ́là 92 gbówó lórí! Ìdí ni pé èèyàn sábà máa ń ra méjèèjì pọ̀ ni, iye kan náà ni wọ́n sì sábà ń ta wọ́n, làwọn tó ń tajà bá pín ẹrù náà sórí méjèèjì. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ní Amẹ́ríkà pàápàá fi owó kún tiwọn, torí pé ọjà àwọn tó ń bá wọn díje ti di ọ̀wọ́n.

Nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 82 ló wọ àpò ìjọba lọ́dún látinú rẹ̀. Èyí tí àwọn tó ra ẹ̀rọ san lé e lọ́dún lé díẹ̀ ní dọ́là bílíọ̀nù kan ààbọ̀. Iṣẹ́ tuntun bí 1,800 jáde níbẹ̀, mi ò sì ní fojú kéré ìyẹn, nítorí ìdílé ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ owó tí ìjọba rí, tí ẹ wá pín ìyókù sórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan lé ní dọ́là 800,000.

Ti Ṣáínà náà ò yàtọ̀. Ààrẹ Donald Trump sọ ọ́ léraléra pé Ṣáínà ló ń san owó ibodè tí òun gbé lé ọjà wọn. Ní oṣù Karùn-ún 2019, Larry Kudlow, olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé, gbà lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn tó ń kó ọjà wọ Amẹ́ríkà ló ń san án. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó náà ló já lé àwọn ará Amẹ́ríkà lórí. Ti irin ló yàtọ̀: wọ́n rí i lẹ́yìn náà pé àwọn tó ń tà á lókèèrè dín owó rẹ̀ kù.

Kí ará òkèèrè pàdánù oníbàárà, ìyẹn ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń dùn ún. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn pàdánù, ọ̀tọ̀ ni kó san owó sínú àpò ìjọba ẹlòmíràn. Òun náà sì lè gbẹ̀san. Nígbà tí Ṣáínà fi ìdá 25 lé ẹ̀wà sóyà Amẹ́ríkà ní 2018, ọjà kú mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, ìjọba wọn sì ní láti ya owó tó tó dọ́là bílíọ̀nù 12 sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964 ni Amẹ́ríkà ti ń gba ìdá 25 lórí ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké láti òkèèrè. Ààrẹ Lyndon Johnson ló fi í gbẹ̀san lára Yúróòpù tó gbé owó ibodè lé adìẹ Amẹ́ríkà. Owó ọ̀hún ò kúrò nílẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, Ford, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà paraku, ń kó ọkọ̀ Transit Connect tí wọ́n ṣe ní Tọ́kì wọlé. Wọ́n á to ìjókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà, wọ́n á fi fèrèsé sí i, kó lè wọlé bí ọkọ̀ akérò tí ìdá 2.5 péré wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ aṣọ́bodè báyìí, wọ́n á tú ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ìjókòó tuntun tí ẹnikẹ́ni ò fìdí kàn rí, ọkọ̀ á sì di akẹ́rù. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, Ford ò jàre, nígbà tó sì di ọdún 2024 ó gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 365 fún ìjọba Amẹ́ríkà láti fi parí rẹ̀. Gbogbo wàhálà yẹn, torí pé Ford mọ ẹni tí owó ibodè náà máa já lé léjìká. Ní Tọ́kì tí wọ́n ti to ọkọ̀ ọ̀hún, kò sẹ́ni tó mú ìwé owó kankan wá bá wọn.