Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n lò fún àwọn eku yẹn
Àkọlé ìròyìn kan ní fóònù ń fa jẹjẹrẹ ọkàn fún eku. Ó fi púpọ̀ sílẹ̀ o. Nínú ìwádìí NTP (ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń yẹ ohun tó lè pa ara lára wò) ní 2018, gbogbo ara eku ni wọ́n tan ìgbì fóònù 900 MHz sí: ìṣẹ́jú 10 ní títàn, 10 ní pípa, ó lé ní wákàtí 9 lójúmọ́, fún ọdún 2. Agbára ìgbì tó ń wọ ara wọn jẹ́ wáàtì 1.5, 3 tàbí 6 sí kílò ara kan, bẹ́ẹ̀ 0.08 ni òfin gbà fún gbogbo ara èèyàn. Nínú akọ 90 tó gba GSM (irú ìgbì fóònù kan) tó lágbára jù, 5 ní kókó ọkàn. Àwọn tí wọn ò tàn án sí ò ní ẹyọ kan. Àmọ́ àwọn tí wọn ò tàn án sí yìí gan-an ló tètè kú (èyí ló rú mi lójú jù), bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ogbó ni kókó sábà ń yọ, ó lè jẹ́ pé wọn ò pẹ́ láyé tó láti ní in. Abo ńkọ́? Ẹ̀rí tiwọn ò dájú.