Àwọn Ọmọ Lambda Ti Dé sí Lágere

Bí ẹ bá gba Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ kọjá lọ sí Mayfair lásìkò yìí, ẹ ó rí wọn. Ẹ̀wù onífìlà nínú oòrùn ọ̀sán, láptọ́ọ̀pù tí wọ́n lẹ àmì λ (lambda, lẹ́tà Gíríìkì) mọ́ lẹ́yìn, wáyà ṣájà tó ń wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá mọ kóòdù kọ, a kàn ń sọ pé ó mọ kóòdù kọ ni. Ní báyìí, ó ti di functional programmer, ẹni tó ń fi function (ègé kóòdù tó ń gba nǹkan, tó sì ń dá èsì padà) ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má sì pè é ní nǹkan mìíràn. Ẹ kí i pé ẹ kú iṣẹ́, yóò dáhùn pé iṣẹ́ òun kò ní side effect, ìyẹn ni pé kì í yí ohunkóhun padà lóde ara rẹ̀. Òótọ́ ló sọ: oṣù mẹ́ta rèé, iṣẹ́ náà kò tíì ṣe ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ á rò pé àná ni nǹkan náà já bọ́ láti ọ̀run. Onímọ̀ ìṣirò Alonzo Church ti gbé lambda calculus, ìṣirò tó dá lórí function, kalẹ̀ láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè fi dán an wò. John McCarthy bẹ̀rẹ̀ èdè kọ̀ǹpútà Lisp ní 1958. Èdè Haskell jáde ní 1990. Java pàápàá, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní èdè bàbá arúgbó, ti gba lambda, ìyẹn function tí kò lórúkọ, wọlé láti 2014. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tiwa kò tilẹ̀ mọ̀ pé àkísà àgbà ni wọ́n wọ̀ wá sóde.

Bẹ́ẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹ̀kọ́ ọ̀sán kan lọ. Function tó mọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀: ohun kan náà tí ẹ bá fi sínú rẹ̀, èsì kan náà ni yóò máa fún yín, kò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun lóde ara rẹ̀. Èyí tó ń yẹ aago wò kò mọ́. Èyí tó ń ka fáìlì tàbí tó ń fi owó ránṣẹ́ kò mọ́. Ọmọ lambda wá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ mọ́ porogodo. Ètò tí kì í ka nǹkan, tí kì í kọ nǹkan, kí la fẹ́ fi ṣe? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa kó ẹ̀gbin náà sẹ́nu ọ̀nà, kí ìṣirò inú ilé lè mọ́. Ẹ gòkè lọ sí Òkè Ìtaṣẹ̀ kí ẹ wo babaláwo. Ikin tó ń gbá kò mọ́ rárá: ó gbá a láàárọ̀, ó gbá a lálẹ́, odù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè yọ. Ṣùgbọ́n bí ilà oníkan tàbí oníméjì bá ti pé mẹ́jọ lórí ìyẹ̀rosùn, ọ̀kan nínú 256 ni, orúkọ tó ń jẹ́ kì í sì í yí padà. Babaláwo kò lẹ àmì kankan mọ́ ọpọ́n rẹ̀ o.

Lẹ́yìn ìyẹn, a kì í pa ohun tí a ti kọ rẹ́. Tuntun ni à ń kọ. Èyí kò ṣàjèjì sí alájọ Sábó. Alájọ tó bá ń fi rọ́bà pa káàdì oníbàárà rẹ́, àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò ti ṣàlàyé. Ọmọ lambda kàn ń kọ const síwájú orúkọ nínú èdè JavaScript, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Orúkọ nìkan ni const tì. Bó bá kọ const ajo = [], ìyẹn àkójọ òfìfo, ajo.push tó ń fi nǹkan kún un ṣì ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́: ó ti ilẹ̀kùn, ó gbàgbé fèrèsé. Object.freeze náà, òde nìkan ló ń dì. Ohun tó wà nínú ohun mìíràn ṣì ń yí. Bó bá wá pe sort, kì í ṣe ẹ̀dà ni sort ń tò, àkọ́kọ́ gan-an ló ń tún tò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi toSorted, tó ń to ẹ̀dà, kún un ní 2023. Ọmọ lambda kò tíì gbọ́. Ó ń kọ àlàyé monad sórí WhatsApp lọ́wọ́.

Monad yìí! Ẹnìkan ní mọ́ínmọ́ín inú ewé ni, ẹlòmíràn ní àpótí ni, wọ́n á sì fi ìjà parí rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń so ìgbésẹ̀ kan mọ́ èkejì ni. Ẹ fi Maybe ti Haskell bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó bá rí nǹkan á dá Just padà, èyí tí kò rí á dá Nothing padà. Bí Nothing bá ti yọ, àwọn ìgbésẹ̀ tó kù kò ní ṣiṣẹ́. A wá orúkọ oníbàárà, a kò rí i, a kò tún ní wá káàdì rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo ìyẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì kì í wá ewé mọ́ínmọ́ín kiri.

For loop, tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe léraléra, ńkọ́? Wọ́n ti fi ré. Function ni yóò máa pe ara rẹ̀, kódà nínú Python, tó máa ń to ìpè kọ̀ọ̀kan lé ara wọn lórí, tó sì ń pariwo RecursionError bó bá ti tó nǹkan bí 1000.

Ká wá ní alájọ Sábó gbé iṣẹ́ fún ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ náà kò tóbi: kí map sọ ohun tí wọ́n tẹ̀ wọlé di nọ́ńbà, kí filter ṣe asẹ́ tí yóò yọ àwọn tí kò san, kí reduce ro ìyókù pọ̀. Kí wọ́n sì fún reduce ní 0 tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò san, reduce tí kò ní 0 á bá àkójọ òfìfo, àṣìṣe TypeError ni yóò gbé wá. Oníbàárà mẹ́ta san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá: "10", "10", "10". Ọmọ lambda na ìka, ó kọ map(parseInt), parseInt ló ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, torí wọ́n ní ọ̀gá kì í kọ x, orúkọ ohun tí function ń gbà. Ohun tó jáde ni 10, NaN (kì í ṣe nọ́ńbà), 2.

Map kì í fún function ní ohun kan péré. Ó tún ń fún un ní ipò ohun náà: 0, 1, 2. ParseInt sì gbà pé òǹkà tí wọ́n ní kí òun lò nìyẹn, bí oní-10 tí gbogbo wa ń lò. Ó gbójú fo 0, ó ka 10 bí a ṣe ń kà á. Kò mọ òǹkà oní-1, ó ní kì í ṣe nọ́ńbà. Nínú òǹkà oní-2, méjì ni 10. Filter á sì gbá NaN dànù, torí NaN kò ju 0 lọ, ẹni tó sanwó á di ajigbèsè, 30 á di 12. Map(Number) ì bá ti tó, tàbí x => parseInt(x, 10).

Ó ṣì ń ṣàlàyé pé kóòdù náà rẹwà, alájọ ti na ìka sójú láptọ́ọ̀pù.

"Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá alákàrà tí ẹ kọ méjì sí, èmi àti ẹ̀ á jọ sọ ọ́. Náànù yìí ńkọ́? Adúgbò wo ló ń gbé ní Sábó yìí, tí mi ò mọ̀ ọ́n?"