Aṣọ Ńlá Kọ́ Lènìyàn Ńlá: Ọ̀rọ̀ fún Ọmọ Tó Wọ Kakí

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo wà nínú bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn, à ń retí kí èrò kún ká máa lọ sí Èkó. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ti jókòó síwájú, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé itan. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá dé. Kakí rẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ débi pé etí ṣòkòtò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè géni lọ́wọ́; bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Káàdẹ́ẹ̀tì ni, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọ̀gá ológun; wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba họlidé. Ó ní kí màmá bọ́ sẹ́yìn. Màmá ní, "Ọmọ mi, orúnkún ló ń dùn mí." Ọmọ yìí gbé apẹ̀rẹ̀ náà, ó sọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹja fọ́n ká. "Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?" Ìyá tó lè bí ìyá rẹ̀ ló ń pè ní "o" yẹn. Dẹ́rẹ́bà ń wo òkè. Èmi tí mò ń pariwo lónìí náà, mi ò lè yanu lọ́jọ́ yẹn, ojú sì ń tì mí.

Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Agbádá lè bo olè mọ́lẹ̀, àkísà sì lè wà lọ́rùn ọmọlúàbí. Ẹ mọ ìyẹn, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọmọ yìí rò pé òun ló ni aṣọ náà. Aṣọ iṣẹ́ ni! Bí mẹkáníìkì ṣe ní tiẹ̀ náà ni. Mi ò bèèrè ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ológun máa ń wí. Ní Kàdúná, níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí yóò di ọ̀gá ológun láti ọdún 1964, ohun méjì ni wọ́n fi ṣe àkọmọ̀nà: ìṣòtítọ́ àti ọlá. Sandhurst ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Gowon tó ṣe olórí Nàìjíríà nígbà kan ti kọ́ṣẹ́ ogun, ní tiwọn ni pé kéèyàn sìn kó tó lè darí. Èwo nínú wọn ló ní ká da ẹja ẹlẹ́ja nù?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe sójà títí ó fi di sájẹ́ǹtì kó tó fẹ̀yìn tì. Ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa lẹfútẹ́nántì méjì tó bá ṣiṣẹ́. Èkíní, bí oúnjẹ bá ti dé, òun ni yóò kọ́kọ́ bu tiẹ̀, ẹran tó tóbi jù ní ń mú. Bàbá kì í dárúkọ ìyẹn, yóò kàn pòṣé. Èkejì, tí wọ́n bá rìn títí di alẹ́, yóò ní kí gbogbo wọn bọ́ bàtà, yóò tan tọ́ọ̀ṣì, yóò máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti bó, kó tó bọ́ tiẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ka máàpù sódì, ó kó wọn rìn gbogbo òwúrọ̀ lọ síbi tí kò yẹ. Nígbà tó yé e, ó dúró síwájú wọn, ó ní, "Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Sájẹ́ǹtì ti sọ ọ́ fún mi, mi ò gbọ́." Bàbá ní láti ọjọ́ náà, bó bá ní kí àwọn wọ iná, àwọn á wọ̀ ọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ ọdún 23 ni ọ̀gá, ẹni tó ti lo ọdún 20 lẹ́nu iṣẹ́ ni sájẹ́ǹtì. Káàdẹ́ẹ̀tì tí kò bá ti mọ bí a ṣe ń gbọ́rọ̀ sí àgbà lẹ́nu, àwọn wo ni yóò tẹ̀ lé e lọ sójú ogun?

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ sí ògiri yàrá káàdẹ́ẹ̀tì. Ilé ìgbẹ́ ni wọ́n ní kó o fọ̀? Fọ̀ ọ́ dáadáa, kódà bí ọ̀gá ò bá sí nítòsí. Wọ́n mú Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà lẹ́rú dé Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀; ibẹ̀ ló ti kọ́ ogun jíjà, kó tó wá di ẹni tó ṣíwájú Èkìtìparapọ̀, ẹgbẹ́ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, lójú ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà.

Ẹ tún wo Adékúnlé Fájuyì ọmọ Adó-Èkìtì. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Military Cross nítorí akin tó ṣe ní Kóńgò. Ní July 1966, ó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, Aguiyi-Ironsi olórí orílẹ̀-èdè sì wá ṣe àlejò rẹ̀ n'Ìbàdàn. Àwọn sójà tó dìtẹ̀ yí ilé ìjọba ká, wọ́n mú àlejò àti onílé lọ ní ọjọ́ 29, wọ́n sì pa wọ́n lẹ́yìn ìlú. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ti ẹnu Fájuyì jáde lọ́jọ́ náà, bóyá lóòótọ́ ló ní òun kò ní fi àlejò òun sílẹ̀. Ohun tó dájú ni pé kò padà sílé, ẹni 40 ọdún sì ni. Kakí tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, irú èyí tó o wọ̀ náà ni, ìwọ ọmọ yìí!

Ẹ̀yin òbí, mi ò ní fi yín sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé fọ́tò ọmọ sórí Facebook, tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó kù kẹ́nì kan ó fọwọ́ kàn wá. Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn yín? Ìyá ẹlẹ́ja? Ẹ̀yin lẹ rán ọmọ yín sí i.

Ìwọ náà, nígbà tó o bá tún wọ bọ́ọ̀sì, bí ìyá àgbà bá ń bọ̀, dìde. Gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún un. Bí òórùn ẹja bá mọ́ ọ láṣọ, omi àti ọṣẹ wà.