Ẹ̀yin Oní-Cobra, Ẹ Kú Ojú Egbò

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà ọkùnrin ìlú ọba tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí àwọn ọmọ yín ti kó jáde nílé, tí ẹ wá rí i pé Cobra, mọ́tò eré àtijọ́ tó ń jẹ́ orúkọ ejò, ló kù tí ẹ ò tíì ní láyé, tí ẹ wá ń fi ọwọ́ ara yín to àfarawé rẹ̀ ní gáréèjì. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìnáwó. Ẹ kú ojú egbò.

Ọ̀rọ̀ egbò yẹn gan-an ló gbé mi dé. Níwájú gbọ̀ngàn kan ní Dagenham, lọ́jọ́ tí à ń ṣe ọgọ́ta ọdún arábìnrin wa kan, ariwo kan sọ láti ìkángun òpópónà, àwọn ọmọdé sá wọlé. Mo rò pé jẹnẹrétọ̀ àwọn alásè ló fẹ́ bú. Cobra ni. Aláwọ̀ aró, ìlà funfun méjì láti imú dé ìdí, kò lórùlé, kò ní fèrèsé, sàlénsà sì nà gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ta ló jókòó sínú rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n wa kan ni, tòun ti agbádá. Atẹ́gùn ti gba fìlà lórí wọn lójú ọ̀nà A13. Bẹ́líìtì sì ti fún aṣọ òkè olówó ńlá mọ́ wọn láyà títí ó fi run wómúwómú. A ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀, sà." Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Wọ́n gbé èkejì. Bí wọ́n ṣe gbé èkejì ni wọ́n ké "Yéè!", wọ́n fò sókè, òórùn aṣọ tó ń jó sì gba ibẹ̀ kan.

Èmi ń sáré wá omi tútù. Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú gbogbo wa, wọ́n ní: "Ejò ti tún bù mí jẹ!"

Ẹ gbọ́ o, wọ́n ní "tún". Àpá méjì mìíràn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ti dúdú, ọ̀kan ṣì ń dán. Àwọn ènìyàn gbé fóònù jáde, wọ́n ń ya fọ́tò ẹsẹ̀. Celebrant dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀.

Látìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oní-Cobra tí kò ní àpá yìí. Irin sàlénsà yẹn a máa gbóná gan-an, ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà kọjá ni wọ́n sì gbé e sí, bí ènìyàn bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àwọn tó bọ́gbọ́n mu á sunkún, wọ́n á kun oyin sí i, wọn ò ní sọ fẹ́nì kankan. Àwọn oní-Cobra ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí méjì wọn bá pàdé níbi ìpàtẹ ọkọ̀, kí wọ́n tó bọ ara wọn lọ́wọ́, ṣòkòtò ti gòkè. "Tìẹ dà?" "Tèmi nìyí, mo gbà á lójú ọ̀nà Brighton." Èyí tó ti dúdú ni ti àgbà. Èyí tó ṣì pọ́n ni ti ọmọ tuntun, wọ́n á máa kí i kú oríire. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní kò tíì wọ ẹgbẹ́. Àwọn baba ńlá wa kọlà sójú kí á lè mọ ọmọ Òwu yàtọ̀ sí ọmọ Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin kọ tiyín sẹ́sẹ̀, ẹ sì ń wọ ṣòkòtò péńpé nínú òtútù oṣù kẹta kí aráyé lè kà á.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà ní tirẹ̀, ní ẹsẹ̀ òsì, nítorí apá òsì ló ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ ṣẹgbẹ́. Ìró léèsì ló fi ń bo àpá tirẹ̀, kò sì fi han ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ọkọ rẹ̀ ń lọ bá ejò náà ní gbogbo Sátidé tí òjò ò bá rọ̀.

Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí irin kékeré kan tí wọ́n lè fi bo sàlénsà yẹn ni?" Wọ́n ní ó wà. Wọ́n ní kò tilẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi sí i, kò ní jọ ti Shelby mọ́.

Kò ní jọ ti Shelby mọ́! Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Shelby. Ọmọ Texas ni Carroll Shelby. Ó sin adìẹ títí adìẹ fi kú tán, tó wọ gbèsè. Ṣòkòtò àgbẹ̀ tó lókùn léjìká ló ń wọ̀ sáré mọ́tò, ó sì wà lára àwọn méjì tó wa Aston Martin tó gba ipò kìíní ní Le Mans, eré ìje mọ́tò ńlá ti ilẹ̀ Faransé, ní 1959. Nígbà tó yá, ọkàn rẹ̀ ò dára tó láti máa sáré mọ́, ló bá kọ ọ̀rọ̀ sí AC, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Thames Ditton, ní Surrey níbí, tó ń ṣe ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Ní 1962, ó ti ẹ́ńjìnnì V8 ti Ford bọ inú ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà. Cobra nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ronú rẹ̀, òun ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ṣáájú ọdún 1970. Àkọ́kọ́ pàá nínú wọn ni wọ́n fi ṣe gbàǹjo ní California ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, mílíọ̀nù dọ́là 13.75 ni wọ́n tà á.

Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ṣe. Ẹ wá ka èyí tó wà nílẹ̀ lónìí. Ẹ kà á títí ó fi sú yín. Èyí tí ẹ ó rí níbi ìpàtẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ti gidi gan-an ló ń ṣe ẹni bí i pé irọ́ ni.

Kí ló wà nínú ti ẹ̀gbọ́n wa? Ara rẹ̀, gláàsì fáíbà ni. Egungun rẹ̀, páìpù irin tí wọ́n jó pọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti inú Rover àtijọ́ jáde, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ ti Jaguar kan tó kú sẹ́yìn ilé ẹnì kan. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lo Ford Sierra, mọ́tò tí àwọn tó ń polówó ọjà ilé iṣẹ́ kiri ń wà nígbà kan. Ọkọ̀ méjì tó ti kú ló ń gbé ẹ̀gbọ́n wa kiri, orúkọ ọkọ̀ kẹta ló sì wà níwájú.

Wọ́n pè mí wá sí gáréèjì wọn lọ́jọ́ kan, nítorí wọ́n gbọ́ pé mo kọ́ṣẹ́ réwáyà ní Mushin kí n tó débí. Bí wọ́n bá tẹ bíréèkì, ìndíkétọ̀ ọ̀tún á máa ṣẹ́jú. Bí wọ́n bá tan iná iwájú, ọwọ́ gọ́ọ̀jì epo á rọra dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Inú wọn kọ́kọ́ dùn sí ti epo yẹn. Wọ́n ti pààrọ̀ gílóòbù, wọ́n ti pààrọ̀ ríléè, wọ́n ti ra áltánétọ̀ tuntun, wọ́n sì ti bá ìyàwó wọn jà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wáyà earth ni."

Ẹni tó bá jókòó níbi iṣẹ́ réwáyà fún oṣù kan ṣoṣo mọ èyí. Nínú mọ́tò onírin, ara mọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń dá iná padà sí bátìrì. Ẹ so ẹnu kan gílóòbù mọ́ irin, ó tán. Gláàsì fáíbà kì í gbé iná. Iná tó bá dé ibi gílóòbù tí kò rọ́nà padà, á wá ọ̀nà mìíràn, á gba inú ìndíkétọ̀, á gba inú gọ́ọ̀jì, á máa ya ilé onílé. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní wáyà tí yóò gbà padà sí egungun ọkọ̀ tàbí sí bátìrì, kí ojú ibi tí wọ́n dè é mọ́ sì mọ́ kúrò lọ́wọ́ ọ̀dà àti ìpẹtà. Mo ṣàlàyé. Mo na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ orí ọ̀dà. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn? Wọ́n ní, "Àbúrò, èyí kì í ṣe Ìjàpá o."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n san owó fún òyìnbó kan, òun náà sì sọ fún wọn pé wáyà earth ni. Wọ́n gbà á lẹ́nu òyìnbó.

Kí ló wá ṣe Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle? Ẹ jẹ́ n dúró síbẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry, ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Inú àpótí ni àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń wà dé láti òkè òkun, ọmọ wa ló ń tò ó. Àtòpọ̀ lòun náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí 504 bá jáde ní géètì Kaduna, 504 ni. Kò sẹ́ni tó lẹ ìràwọ̀ Mercedes mọ́ ọn nímú. 504 bàbá mi, aláwọ̀ wúrà, a kó ìyá mi, àwa ọmọ, ìbátan tí a ò mọ̀ dáadáa, àti àgbò kan sínú rẹ̀ lọ Ìlọrin lọ́dún Iléyá. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday ni bàbá mi ń fọ̀ ọ́ fúnra wọn, wọn kì í jẹ́ kí á fọwọ́ kàn án. Kò sí ẹni tó dúró lọ́nà bi wọ́n pé, "Ṣé gidi ni?"

Ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń bi ẹ̀yin ní gbogbo ilé epo. Mo sì ti gbọ́ bí ẹ ṣe ń dáhùn. Ẹ ò ní parọ́, ẹ ò sì ní sòótọ́. Ẹ ó ní, "Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ ná," ẹ ó sì tẹ tírótù kí ọmọ ọlọ́mọ má lè béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ Toyota MR2 di Ferrari, ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹṣin, àmì Ferrari, wà ní imú, ẹṣin wà ní ìdí, ẹṣin wà láàárín ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣí ẹ́ńjìnnì ẹ wò ó. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi Pontiac Fiero ti 1984 sí 1988 ṣe irú ẹ̀ títí. Ní Brazil, ní Itajaí, ní 2019, ọlọ́pàá wọ ibi iṣẹ́ bàbá kan àti ọmọ rẹ̀, wọ́n bá Ferrari àti Lamborghini gbàrọgùdù níbẹ̀ tí wọn ò tíì tò tán. Àwọn yẹn ń tà á ni, ẹ̀yin ń gùn ún. Mi ò mọ èyí tó sàn.

Ká má purọ́, ohun tó ń bí mi nínú gan-an kọ́ ni ayédèrú. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Ẹ jó irin, ẹ fa páìpù bíréèkì, ẹ wọn kẹ̀kẹ́ títí ó fi dúró ṣánṣán. Ẹ gbé e lọ fún ìdánwò IVA, àyẹ̀wò ìjọba fún mọ́tò tí ènìyàn fúnra rẹ̀ tò, níbi tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀n wò ó kí ìgun kankan tó yọ síta lára ọkọ̀ má mú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ lẹ rọ́bà mọ́ gbogbo ibi tó mú, ẹ gba ìwé, ẹ délé, ẹ ṣí rọ́bà kúrò. (Ẹ ò tijú. Àwọn ọmọ yín ń wò yín.) Bí wọn ò bá mọ ọjọ́ orí ohun tí ẹ tò, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tí Q bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ó sì máa fi í pamọ́ nínú fọ́tò. Ẹ̀dá tó lè ṣe gbogbo èyí pẹ̀lú ọwọ́ méjì, ní gáréèjì tí kò ní híítà, ló wá lọ ra bájì ejò, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà!

Colin Chapman gan-an, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ mọ́tò Lotus sílẹ̀, bàbá àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, kò ṣe irú ẹ̀. Nígbà tó ń ta Lotus Seven rẹ̀ ní apá-apá láti 1957, kí oníbàárà lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí ọjà, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé òfin kò jẹ́ kó fi ìwé bí a ṣe ń tò ó sínú àpótí. Ló bá fi ìwé bí a ṣe ń tú u sí i, ó ní kí wọ́n kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. Wàyó ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n Lotus ni ó kọ sí i lára. Lọ́dún 1973 ó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún Caterham, wọ́n sì ń ṣe é di òní.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yọ ejò yẹn kúrò. Ẹ kọ orúkọ ara yín síbẹ̀, tàbí ti ìyàwó yín tó ń jóná láìjẹ̀bi, tàbí orúkọ àdúgbò yín ní Ìjẹ̀bú, kí n máa pe ọkọ̀ náà ní Ìgbèbá, kí n sì máa dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ sì ra irin tí wọ́n fi ń bo sàlénsà. Bí ẹ ò bá rà á, ẹ má na ẹsẹ̀ sí mi níbi tí mo bá ti ń jẹ ẹ̀fọ́.

Ẹ̀wẹ̀, sípánà nọ́ńbà 13 mi ṣì wà lọ́dọ̀ yín láti ọjọ́ tí mo wá wo wáyà earth tí kì í ṣe ti Ìjàpá. Mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí rẹ̀, nítorí náà ẹ má sọ pé tiyín ni. Ẹ gbé e wá fúnra yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ bọ́ọ̀sì o. Aládùúgbò mi lókè ń ṣiṣẹ́ òru, ọ̀sán ló ń sùn.