Ẹ̀kọ́ Àdìrẹ Àbí Àpéjọ Fọ́tò?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ká máa pe ìpàdé ọ̀rọ̀ sísọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́? Wọ́n tún ti ṣe é o! Wọ́n ní ká wá kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kó tó wọ aró, ní gbọ̀ngàn àdúgbò, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Alága dé ní aago mọ́kànlá. Alága kí baálẹ̀, baálẹ̀ kí ìyálọ́jà, ìyálọ́jà kí gbogbo ará ayé àti ará ọ̀run. Ìyá aláró jókòó sẹ́yìn, ẹ̀kọ láfún tó ti sè látàárọ̀ ti dì gbagidi nínú abọ́. Ìyẹ́ adìyẹ méjì péré fún gbogbo èrò! Ṣé ahọ́n la fẹ́ fi ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ ni?

Nígbà tó kàn wá, wọ́n ní ká kàn fọwọ́ di aṣọ mú, ká rẹ́rìn-ín sí fọ́tò. Ṣebí ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ gbẹ kí aṣọ tó wọ aró? Ẹ ó rẹ ẹ́, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án kó lè di búlúù, ẹ ó tún rẹ ẹ́. Ìgbà wo la fẹ́ ṣèyẹn, nígbà tí ráìsì ti dé? Mo bi wọ́n pé ìkòkò aró dà, wọ́n ní kò sí àyè. Àyè wà fún báńà tó gùn ju títì Ìbàdàn sí Èkó lọ! Ẹnu dùn ún ròfọ́, àbí? Gbogbo wa gba sátífíkéètì, èékánná ẹnì kankan ò sì dú.

Ẹ dá owó fọ́ọ̀mù mi padà, jàre.